Òtútù Tí Mo Lọ Bá Nílé Rẹ̀

Láti kékeré ni mo ti mọ ohun tó lè pa mí. Àwọn ọmọ yòókù ládùúgbò wa ní Joju, ní Ọ̀tà, ń bẹ̀rù ejò, wọ́n ń bẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ, wọ́n ń bẹ̀rù àwọn tírélà tó ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ kọjá lójú títì. Èmi, òtútù ni mò ń bẹ̀rù. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú báyìí, Màmá á ti máa pariwo orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé. Á fà mí wọlé, á ti fèrèsé, á kó súwẹ́tà sí mi lọ́rùn, á tún fi ìró rẹ̀ wé mi lẹ́sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa máa ń pè mí ní Ìyá Àgbà nítorí ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì tí mo máa ń wọ̀.

Àwa méjì la gbé irú ẹ̀jẹ̀ yìí wáyé nínú ilé wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní SS. Àwọn àgbà Ọ̀tà ń pè é ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá ti dé, bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ egungun èèyàn láti inú ni. Bí ó bá lọ tán, a tún dìde, a tún ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Àbúrò wa Bùkọ́lá nìkan ni kò ní in.

Táyọ̀ kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn. Ní ọjọ́ kan, òjò ká a mọ́ pápá tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ fóòmù tí Màmá ti ń ránṣọ, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá a lọ nínú òjò. Nígbà tó dé ilé, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń pe Màmá. Ààyè la gbé e lọ sílé ìwòsàn, òkú rẹ̀ la gbé bọ̀.

Dókítà gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Màmá pé ọ̀rọ̀ náà ju òtútù lọ, pé àìsàn mìíràn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró Táyọ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. "Òtútù ló mú ọmọ mi lọ," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó wá kí wa. Láti ọjọ́ náà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò tún pe òtútù ní ojú ọjọ́ mọ́. Ẹni kan ni lójú wa, ẹni tó ti wọlé wa lẹ́ẹ̀kan, tó mọ ọ̀nà, tó sì lè padà wá.

Nígbà tí mo parí ilé-ìwé, iṣẹ́ tó sún mọ́ iná ni mo wá. Mo rí i ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ńlá tí bisikíìtì ń gbà jáde ni wọ́n fi mí sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń làágùn, wọ́n ń fi Píjìn bú ààrò náà láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi kò bú u rí. Kò sí ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ láyé bí ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá gbé irú mi dé Ìlú Ọba. Oògùn ni. Bí ìrora bá gbé mi ní Ọ̀tà, a máa ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn kí a tó rí ibùsùn. Nígbà tí ọ̀nà là, Màmá sunkún. Ó ní, "Ibi tí òtútù ń gbé gan-an lo fẹ́ fi orí ara rẹ lé e lọ́wọ́." Mo ní, "Màmá, ibẹ̀ náà ni oògùn wà." Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwa méjèèjì.

*

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde nílẹ̀ òyìnbó, èéfín ń jáde lẹ́nu mi. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo fọwọ́ bo ẹnu. N kò rántí pé mo ti rí i nínú fíìmù rí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀mí mi ló ń jáde díẹ̀-díẹ̀, pé bí mo bá ń mí lọ báyìí, yóò tán. Obìnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà. Mo fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, láìya ẹnu.

Kí ọdún náà tó parí, òtútù rí mi mú. Bọ́ọ̀sì kò dé, mo sì dúró títí. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ kì mí nílọ̀, lẹ́yìn náà ìbàdí, lẹ́yìn náà ohun gbogbo. Nígbà tí mo jí dáadáa, mo wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, omi ń gba abẹ́rẹ́ kán sí mi lára, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Màríà sì ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbóná bo ẹsẹ̀ mi. Màríà kò jọ Màmá rárá. Ará Filipíìnì ni, ó kéré, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Màmá máa ń ṣe é. Mo sunkún, ó rò pé ìrora ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni mo ń dúró sí, mò ń ká aṣọ ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú. Dánútà, ará Pólàǹdì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń ṣí fèrèsé. Èmi máa ń tì í. Ìjà wa nìyẹn fún ọdún mẹ́fà, ìyẹn náà sì ni ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wa.

Nílé, fóònù ni ẹbí mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màmá máa ń bi mí kì í ṣe ṣé mo ti jẹun. "Ṣé ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ?" ló máa ń bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn níta.

Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé níbo gan-an ni mo ti wá. Àwọn tó ń gbé níbí ń bi mí pé ìgbà wo ni màá padà sílé. Àwọn ará ilé ń bi mí pé ìgbà wo ni màá wá kí wọn. Kò sí èyí tó bi mí pé ibo ni ara ti tù mí. Bí wọ́n bá bi mí ni, ǹ bá sọ pé ibi tó bá ti gbóná ni ilé mi. Mo gba ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba, inú mi dùn débi pé mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, síbẹ̀ n kò bá a lọ ibì kankan. Gbogbo ibi tí ó lè gbé mi dé ni mo kọ́kọ́ máa ń bi léèrè pé: ṣé ó tutù?

*

Bùkọ́lá ló wá lọ sí ibi tó tutù jù. Ẹ̀kọ́ ló gbé e lọ, sí ìlú kan ní àríwá Fínláǹdì, ibi tí òkun fúnra rẹ̀ máa ń dì. Ó ń kàwé, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Ó gbìyànjú láti wá kí mi, wọn kò fún un ní físà. Nígbà àkọ́kọ́, ó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, tòun ti ẹ̀rín. "Àǹtí mi, ẹ wá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣeré lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá wo òkun tó di ilẹ̀. A ó rìn lórí rẹ̀!" Èmi á ní kó má pa mí. Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, àwòrán dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dúró. Tí mo bá pè é kó jẹ́ kí a rí ara wa lójú fóònù, òkùnkùn ni mo ń rí. Ó ní oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ lọ́dọ̀ wọn nígbà òtútù, pé tó bá tilẹ̀ yọ, òun kì í ká kọ́tìnì.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé o ti jẹun?"

"N kò rántí."

"Ṣé o lọ síbi iṣẹ́ ṣá?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Àǹtí mi, tí mo bá jí, kí ni mo fẹ́ jí ṣe?"

Kò sunkún nígbà tó sọ ọ́. Bí ẹni ń bèèrè iye owó nǹkan ló ṣe sọ ọ́. Mo mọ bí ohùn èèyàn ṣe ń rí tí egungun bá ń ro ó. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí burú jù ú lọ. N kò mọ oògùn rẹ̀.

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó. "Mò ń bọ̀. Ìsinmi mi wà nínú oṣù Kejì. Ọjọ́ mẹ́rin tí o ní kí n wá fi ṣeré, mò ń bọ̀ wá ṣe é."

"Òtútù ibí á pa yín."

"Jẹ́ kó pa mí lójú rẹ."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ dúró ti ẹ̀rọ tó ń mú yàrá mi gbóná, mo gbá a mọ́ra bí ẹni gbá èèyàn mọ́ra.

*

Màmá ni mo bẹ̀rù láti sọ fún jù. Mo pè é ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣàlàyé ibi tí mò ń lọ. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Rárá," ló wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi."

"Mo ní rárá. Ọmọ kan ti lọ. N kò ní fi ẹnu ara mi rán èkejì lọ bá a."

Ó pa fóònù. Màmá kò pa fóònù mọ́ mi létí rí láyé.

Ọjọ́ kejì ló tún pè mí fúnra rẹ̀, ní àkókò tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ti há. "Mo pe Bùkọ́lá," ló wí. "Ó kí mi, ó ní 'ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà'. Ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Bùkọ́lá tèmi, tó máa ń fi ariwo jí gbogbo ilé." Ó wá bi mí pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ náà?"

"N kò mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

"Èmi náà." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ. Lọ bá mi wò ó. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, ọmọ mi. Ẹ̀yin méjì péré ló kù mí kù láyé. Má jẹ̀ẹ́ kí n wá sunkún ẹ̀yin méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kiri títí mo fi lọ. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e sùn.

*

Mo lọ bá Màríà. Ó gbọ́ mi tán, ó fi gègé ọwọ́ rẹ̀ gbá tábìlì. "Mi ò lè sọ fún ọ pé kò sí ewu," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Omi ni kí o máa mu, bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ọ́, àgàgà nínú ọkọ̀ òfurufú. Má dúró pẹ́ níta. Tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, má ṣe é lágídí. Wọlé, lo oògùn rẹ. Tí kò bá rọlẹ̀, ilé ìwòsàn." Dókítà tó ń tọ́jú mi níbẹ̀ yẹ̀ mí wò, ó kó oògùn fún mi, ó sì jẹ́ kí n lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ, Dánútà ló gbà á ṣe. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù òkìríkà kan nígboro. Mo kó kóòtù mẹ́ta lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba méjì padà.

"Kì í ṣe pé kó pọ̀," ló wí. "Èyí tó kan ara, kó jẹ́ irun àgùntàn. Èyí tó tẹ̀ lé e, kó jẹ́ èyí tó fúyẹ́. Kóòtù ló máa wà lókè, kí atẹ́gùn má lè wọ̀ ọ́. Bàtà rẹ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ tóbi. Tó bá fún ọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè rìn."

Gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn yẹn mú mi jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè rìn. Ohun tó pa Táyọ̀ nìyẹn.

Dánútà rí ojú mi. N kò mọ bó ṣe ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń se oúnjẹ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹran àti ẹja dì sí, irú kóòdùrúùmù tí àwọn elẹ́ja tútù ní Ṣàngó máa ń lò, àfi pé èyí tóbi tó yàrá. Ó ní kí n wọ gbogbo aṣọ náà, kí n wọlé, kí a dán an wò. "Ìlú àbúrò rẹ kò tutù ju ibí lọ," ló wí. "Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Mo wọlé. Ilẹ̀kùn náà nípọn. Ó padé lẹ́yìn mi pẹ̀lú ohùn tó rọ̀. Adìẹ funfun kún orí pákó lápá ọ̀tún mi, gbogbo wọn ti le bí òkúta. Èémí mi ń jáde, ó ń rọ̀ kiri lójú mi. Mo gbọ́ eyín tó ń gbá ara wọn. N kò mọ̀ pé tèmi ni. Ohun tí mo gbọ́ ni Táyọ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Joju tí omi ń kán lára rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo yí padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn náà, ọwọ́ méjèèjì, mò ń pariwo lédè Yorùbá: "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ dákun, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn náà. Títì lásán ni ǹ bá tì í kí ó ṣí.

Dánútà fà mí jáde, ó gbé mi jókòó sórí àga kan ní kíṣìnì. Mo sunkún títí ikun fi ń jáde nímú mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ mi ọ̀kan, ó fi ọwọ́ mi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Fọwọ́ kàn án fúnra rẹ," ló wí.

Ọwọ́ mi gbóná. Mo mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú bàtà. Wọ́n gbóná. Gbogbo ara mi gbóná fọ́ọ́. Kì í ṣe òtútù ló mú mi gbọ̀n níbẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ni. Mo ti gbé àwọn méjèèjì pọ̀ láti kékeré débi pé n kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo nu ojú mi, mo ní kí Dánútà jẹ́ kí n tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì Màmá kan parí kí n tó jáde.

*

Bùkọ́lá wà ní pápákọ̀ òfurufú. N kò tètè dá a mọ̀. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti gùn nínú kóòtù tó wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn òyìnbó, mo gbé e dìde, mo sì dì í mú. Kò wúwo.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pápákọ̀ náà ṣí, òtútù gbá mi lójú bí ìgbátí. Irun imú mi le lójú ẹsẹ̀. Mo fi mọ́fúlà bo imú àti ẹnu, mo ń mí díẹ̀-díẹ̀. Funfun ni ohun gbogbo, ilẹ̀, igi, òrùlé, ó sì dákẹ́ lọ́nà tí n kò gbọ́ rí. Kò sí họ́ọ̀nù, kò sí ariwo ẹnikẹ́ni. Ìlú tó dákẹ́ báyìí yẹ kó máa dẹ́rù ba èèyàn, mo wí lọ́kàn mi, bí kò bá tilẹ̀ tutù.

Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn. Abọ́ wà nílẹ̀, aṣọ wà lórí àga. Mo ká kọ́tìnì. Ó kàn yí ojú sí ògiri. Mo fọ abọ́, mo se ìrẹsì, mo fi ẹja gbígbẹ tí mo gbé wá se ata. Ó jẹ ṣíbí mélòó kan. Mo sùn tì í lórí ibùsùn kékeré náà bí a ti ń sùn ní Joju, mò ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀. Òun náà ń tẹ́tí sí tèmi. Mo mọ̀ nítorí pé nígbà tí mo wúkọ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi.

Ọjọ́ kejì, kò fẹ́ jáde. "O ní kí n wá wo òkun tó di ilẹ̀," mo wí. "Mo ti dé. Èmi tí òjò Joju fẹ́ pa ni mo dé ibí. Dìde."

Ó dìde. A wọ aṣọ bí ẹni ń lọ sógun. Òkun náà sì ti di ilẹ̀ lóòótọ́. Àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń sáré, bàbá àgbàlagbà kan ń ti àga kan tó ní irin gígùn méjì lábẹ́, ó ń yọ̀ lórí omi dídì náà. Oòrùn yọ, kò ga, ó kàn jókòó létí ọ̀run, ó sì pupa. Mo gbé ẹsẹ̀ mi lé orí omi dídì náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ orí ẹran tó sùn. Bùkọ́lá rí mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó di ikùn mú. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ láti ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó lọ, mo ń yà, mo tún ń yà.

Ọwọ́ mi ló bẹ̀rẹ̀. Ó gba apá lọ sí èjìká. Láti àárọ̀, n kò mu omi tó, nítorí wàhálà bíbọ́ gbogbo aṣọ yẹn tí mo bá fẹ́ tọ̀. Kí n tó dá ìbọ̀wọ́ padà, òòlù ti bọ́ sí ẹ̀yìn mi. Mo kúnlẹ̀ sórí omi dídì náà.

"Bùkọ́lá," mo wí. "Ó ti dé."

Etíkun jìnnà sí wa. Mo ronú kan Màmá, bí wọn yóò ṣe sọ fún un. Mo ní lọ́kàn mi pé òótọ́ ni, ilé òtútù ni mo wá, ó sì ti rí mi.

Mo wá gbọ́ ariwo kan. Bùkọ́lá ni. Ó ń pariwo ní èdè àwọn ará ibẹ̀, èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn, tí n kò mọ̀ pé ó gbọ́, ó ń sáré lọ bá bàbá tó ní àga. Wọ́n jọ gbé mi lé e lórí. Bùkọ́lá bọ́ fìlà ara rẹ̀, ó fi wé ọwọ́ mi, ó sì ń tì mí sáré lọ sétí òkun, ó ń pariwo lẹ́yìn mi: "Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀, Àǹtí mi! Ẹ má sùn! Ẹ ka orúkọ àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní bisikíìtì! Ẹ kà wọ́n!" Mo ń kà wọ́n, mò ń sunkún. Ohùn yẹn ni Màmá ń wá, èyí tó máa ń jí gbogbo ilé.

*

Nílé ìwòsàn, òun ló ń dá wọn lóhùn. Àwọn nọ́ọ̀sì kò rí irú àìsàn mi púpọ̀. Bùkọ́lá ń ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ júwe, ó ní kí wọ́n mú aṣọ tó gbóná sí i wá, ó dúró lórí wọn títí omi fi ń kán wọ ara mi. Nígbà tí oògùn wọlé, tí òòlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, mo rí i pé ó jókòó, ó di ẹsẹ̀ mi mú nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀rù bà mí," ló wí. "Mo rò pé ẹ ti kú."

"Mo mọ bó ṣe ń rí," mo wí. "Bẹ́ẹ̀ lẹ̀rù rẹ ṣe ń bà mí láti ọjọ́ yìí wá."

Ó wo ilẹ̀. "Mo ti ń rò ó pé tí n kò bá jí lọ́jọ́ kan, kò ní burú. N kò fẹ́ ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ń rò ó. Mo ń rò ó lójoojúmọ́."

Mo na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ sí i. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé láti wò mí, mo sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Jọ̀ọ́, àìsàn ń ṣe àbúrò mi náà." Bùkọ́lá fi ojú bú mi. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì náà fa àga, ó jókòó tì í, kò sì wo agogo. Kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, wọ́n ti bá a gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

A pe Màmá. Ó gbọ́ pé ilé ìwòsàn la wà, ó pariwo Jésù. "Ta ló ń ṣàìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Bùkọ́lá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Àwa méjèèjì ni, Màmá," ló wí. "Ṣùgbọ́n a ti ń jẹun."

Màmá ní, "Ẹ fi fóònù sílẹ̀ báyìí, ẹ má pa á. Ẹ kàn máa ṣe ohun tí ẹ bá ń ṣe. Mo fẹ́ máa gbọ́ yín." A gbé e sórí tábìlì. A bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò jẹ yúgọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé wá, Màmá sì ń gbọ́ wa láti Joju.

*

Ọjọ́ mẹ́rin náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ kí dókítà tó gbà kí n wọ ọkọ̀ òfurufú. N kò rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, n kò rí ọjà wọn. Òkun nìkan ni mo rí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ ni àárọ̀ ọjọ́ tó gbà lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Mo ní kí n sún ìrìnnà mi síwájú, ó kọ̀. Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Ó so mọ́fúlà mi le débi tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀sì mi dé, ó kúnlẹ̀ nínú yìnyín.

"Ṣé wàá lọ?" mo bi í.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí mi."

"Mi ò sọ pé kó má bà ọ́. Ṣé wàá lọ?"

Ó kàn tì mí wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì gbéra, mo sì ń wò ó láti ojú fèrèsé, kóòtù dúdú kan láàárín gbogbo funfun yẹn, tó dúró síbi tí mo fi í sí. N kò rí i bóyá ó yí sí apá ọ̀dọ̀ dókítà tàbí apá ilé.

Mo mu omi ní pápákọ̀, mo mu omi nínú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ti ń sọ pé kí gbogbo èèyàn pa fóònù nígbà tí tèmi dún. Bùkọ́lá ni. "Mo ti jókòó síbẹ̀," ló kọ. Kí n tó kà á tán, òmíràn wọlé. "Wọ́n ti pe orúkọ mi."

Obìnrin tó ń bójú tó wa nínú ọkọ̀ náà ti dúró lórí mi, ó ń tọ́ka sí fóònù mi. Mo gbé ìka kan sókè bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí àyè kọ padà sí àbúrò mi kí n tó pa á.

"Wọlé."